Àwo Olóhùn Iyọ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Mo fọ rẹ́kọ́ọ̀dù mọ́kànlélógún lónìí. Ẹ̀yìn ń ro mí. Elétí-Ajá jókòó sórí àga rẹ̀, ojú tó ti fọ́ láti ọdún mẹ́ta kọjú sí ògiri, etí nà sí mi gbọnrangandan. Ó ń gbọ́ bí òwú ṣe ń lọ lójú àwo orin! "O ń nù ún sódì. Tẹ̀lé ìlà ẹ̀." Ọkọ mi ni o. Kò bi mí rí bóyá nǹkan ń dùn mí, ṣùgbọ́n kí abẹ́rẹ́ ha àwo báyìí, á figbe ta bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ.

Ìṣẹ́gun, 4

Ó tún ka òfin sí mi létí, àfi bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Àwo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: sípírítì díẹ̀ nínú omi púpọ̀. Àwo àtijọ́ tó wúwo: omi ọṣẹ nìkan. Sípírítì ò gbọdọ̀ kàn án — á jẹ ojú àwo, orin á sì lọ ráúráú. Mo ní mo ti gbọ́, sà. Ó ní, "O máa ń gbọ́. O kì í fi sọ́kàn."

Ọjọ́bọ̀, 6

Àwo wúwo méje péré ló wà nílé yìí. Mẹ́fà, orin àwọn ẹlòmíràn. Ìkeje, ti ìyáálé mi — Olóhùn Iyọ̀, bó ṣe ń pè é — tó ti kú kí n tó wọlé. Ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n gé fún un nígbà tó ń kọrin. Kò sí irú ẹ̀ mọ́ láyé. Kí ojú Elétí-Ajá tó fọ́, òun fúnra ẹ̀ ló ń gbé e sórí ẹ̀rọ láràárọ̀. Láti ọdún mẹ́ta, èmi ni. Mo mọ ibi tí obìnrin yẹn ti mí. Mo mọ ibi tó ti fẹ́ rẹ́rìn-ín. Òkú ń bá wa jẹun àárọ̀, èmi ni mo sì ń gbé àga fún un.

Àìkú, 9

Àbúrò ẹ̀ obìnrin wá kí i. Mo wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo ń nu páálí àwo. Wọn ò mọ̀ pé mo ń gbọ́. Ó bi í pé ṣé mo ń tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Ọkọ mi ní, "Ó mọ àwo fọ̀." Ó tún ní, "Ìyàwó kan ṣoṣo ni mo fẹ́ láyé mi. Eléyìí, olùtọ́jú ni." Àbúrò ẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ọdún mọ́kànlá tí mo ti wà nílé yìí!

Ọjọ́ Ajé, 10

Inú ń bí mi.

Ìṣẹ́gun, 11

Mo ti ṣe é. Elétí-Ajá wà ní balùwẹ̀. Sípírítì gidi, mi ò la omi kankan sí i. Mo nu àwo Olóhùn Iyọ̀ yípoyípo, mo tẹ̀lé ìlà ẹ̀, bó ṣe kọ́ mi gẹ́lẹ́. Òwú dúdú bí èédú. Mo mú òmíràn. Mo dá a padà sínú páálí, mo lọ dín ẹyin.

Ọjọ́rú, 12

Mo gbé e sórí ẹ̀rọ. Ariwo lásán — ṣììì — bí ẹni ń da iyanrìn sórí páànù. Mo tẹjú mọ́ ọn, mi ò ní purọ́ fún ìwé: mo fẹ́ rí i. Kò ké. Ó ní kí n gbé àwo náà fún òun. Ó fọwọ́ pa á. Ó gbé e símú, ó gbóòórùn sípírítì lára ẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú tí kò ríran. Ó dùn mọ́ mi. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó dùn mọ́ mi wọra.

Ọjọ́bọ̀, 13

Kò jẹun. Kò bú mi. Mo sùn fọnfọn.

Àbámẹ́ta, 15

Ó pè mí láàárọ̀, ó ní kí n jókòó. Mo rò pé ó fẹ́ lé mi ni. Mo ti ń ro ibi tí àpótí mi wà. Ó ní, "Ọdún mọ́kànlá lo fi gbọ́ orin ẹ̀. Ó wà nínú orí ẹ. Ó yá, kọ ọ́." Mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò mọ orin kọ. "Ìwọ lo pa á. Kọ ọ́!" Mo kọ ọ́. Ó fi ọ̀pá gbá ilẹ̀. "Rárá. Ó mí níbẹ̀ yẹn. Tún un kọ."

Ọjọ́bọ̀, 20

Ìgbà méjìdínlógún lónìí. Ohùn mi ti ha. Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Ṣebí mo lè sọ pé mi ò kọ ọ́ mọ́? Afọ́jú ni, kí ló fẹ́ fi mí ṣe? Síbẹ̀, tílẹ̀ bá ti mọ́, màá lọ jókòó.

Ẹtì, 28

Mo kọ ọ́ délẹ̀ láàárọ̀ yìí, ọ̀pá ò dún. Ó fẹ̀yìn ti àga. Ó ní, "Ó ku díẹ̀." Kò sọ irú ẹ̀ fún mi rí látọjọ́ tí mo ti délé yìí. Inú mi dùn. Inú mi dùn! Mo sáré lọ bọ́jú ní balùwẹ̀, mo padà wá, mo bi í bóyá kí n tún un kọ.