Wọ́n ń Bẹ̀rù Òkú Òyìnbó

Bàbá mi, gáàdì ọkọ̀ ojú irin,

Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní hú yín mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn kí n tó sọ ìyókù, nítorí mo mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn, ìparí rẹ̀ lẹ máa ń fò lọ. Inú pálọ̀ yìí náà lẹ ó wà, lábẹ́ fèrèsé, níbi tí ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín wọ̀n nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé náà. Ẹ ní ọkọ̀ ojú irin ti mì yín tó láti Ìdó dé Kánò, pé ibi tí kò ní mì lẹ fẹ́ sùn sí. Mi ò gbàgbé.

Ìwé ló fa gbogbo rẹ̀. Àbí kí n ní àwọn tó ń kà á ló fà á, nítorí ìwé jókòó jẹ́ẹ́ tirẹ̀, àwọn òpònú ló gbé e. Lẹ́yìn tí ogun parí, àwa òṣìṣẹ́ mélòó kan ní Òṣogbo dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Fìà. Ọ̀sán Sátidé la máa ń pàdé, a ó ka ìwé kan náà pọ̀, a ó sì sọ̀rọ̀ lé e lórí. Èmi wá láti pósófíìsì. Sister Àbẹ̀kẹ́, nọ́ọ̀sì, wá láti ọsibítù. Délé, akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba, náà wá, ṣùgbọ́n nítorí tèmi ló ṣe wá, ẹ ó sì gbọ́ nípa rẹ̀. Olórí wa ni Ọ̀gbẹ́ni Àlàbá, tíṣà ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó lo ọdún kan ààbọ̀ ní Lọ́ńdọ̀n, etí wa kò sì sinmi láti ìgbà náà. Imú ló fi ń sọ òyìnbó. Bí òjò bá rọ̀ ní Òṣogbo, á ní irú òjò Lọ́ńdọ̀n kọ́ nìyí. Ṣíọ̀. Kí ló fẹ́ kí òjò ṣe fún un?

Òun ló mú ìwé náà wá. Ìwé òyìnbó àtijọ́ ni, ó nípọn bíi búrẹ́dì. Ó ní gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, pé ẹni tí kò bá kà á kò tíì kàwé rárá. Ìtàn náà kò ju báyìí lọ: ọkùnrin olówó kan kú ní ìlú òtútù, wọ́n sin ín ní bòókẹ́lẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ ilé ara rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wá ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó dákú. Ó jí, ó mu tíì, ó tún gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó tún dákú. Wọ́n pe dókítà, ẹ̀rù ba dókítà. Wọ́n pe àlùfáà, àlùfáà sá. Bàbá mi, nínú ìwé tó tóbi tó yẹn, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó bi olóògbé náà pé kí ló ń fẹ́. Ọkọ rẹ̀ ni o, inú ilé rẹ̀ ló sì ti ń rìn. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí a bá lá àlá òkú wa, tí ilẹ̀ bá mọ́ a ó jókòó, a ó bi ara wa léèrè ohun tó gbé e wá, bóyá ẹnìkan ń jìyà nínú ilé tí a kò mọ̀. Mo sọ èyí ní ìpàdé. Ọ̀gbẹ́ni Àlàbá ní irú ìrònú ará oko báyìí ni kì í jẹ́ kí a gbádùn lítíréṣọ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Délé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ wo ojú mi.

Mo ti ka ojú ewé tó kẹ́yìn kí n tó ka ti àkọ́kọ́. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ máa ń sọ pé ọkọ̀ tí ènìyàn kò bá mọ ibi tó ń lọ, kì í wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń ka gbogbo nǹkan, títí kan lẹ́tà tí mo ń kọ sí yín láti ilé ẹ̀kọ́. Ìsàlẹ̀ lẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ̀ bóyá gààrí mi ti tán. Ní ìparí ìwé yìí, wọ́n hú egungun ọkùnrin náà, wọ́n kó o lọ sí ìtẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì, ilé wá pa rọ́rọ́, ìyàwó rẹ̀ sì fẹ́ dókítà. Mo pa ìwé dé, mo ní ẹ wo ìranù. Ẹ gbé baálé ilé síta kí obìnrin lè rí ọkọ fẹ́.

Ẹ bá wá wo bí ẹ̀rù ṣe ń bà wọ́n. Sister Àbẹ̀kẹ́, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú òkú ní wọ́ọ̀dù, tí á sì bọ́ sí ẹ̀yìn lọ jẹ ẹ̀bà, òun ló ní òun kò lè dá lọ sí ilé ìyàgbẹ́ mọ́ láti ìgbà tí òun ti ka orí kẹta. Sàréè bàbá Ọ̀gbẹ́ni Àlàbá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Bí Kérésì bá dé, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ló máa ń gbé àga sí tí á fi máa mu bíà. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí òkú rẹ̀ kò sí nínú ilé níbì kan. Ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n fi kà á, wọ́n sì rò pé ó yẹ kí ẹ̀rù ba àwọn bí ó ṣe ń ba òyìnbó. Bí wọ́n bá tú u sí Yorùbá fún wọn, ẹ̀rín ni wọn ì bá rín.

Ilé oníkálukú la máa ń lọ ní ìyípo. Nígbà tó kàn mí, mo ní kí wọ́n wá sí Iléṣà, nítorí yàrá kan ṣoṣo ni mo ní ní Òkè-Fìà. Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Délé ti sọ pé òun fẹ́ fi mí ṣe aya, àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń múra àtiwá tọrọ mi, kò sì tíì dé ilé wa rí. Mo fẹ́ kí Màmá rí i. Kí n má purọ́, mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà rí i. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni mí báyìí, ẹ sì mọ ẹnu àwọn ará àdúgbò wa. Délé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí ó bá bó ọsàn fún mi, á kọ́kọ́ yọ èso rẹ̀ kúrò. Mo ti ń ro bí àwọn ọmọ wa yóò ṣe rí.

Mọ́tò ìjàpá Ọ̀gbẹ́ni Àlàbá ló kó wọn wá. Wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó wá ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Ó kọjá lára àga, ó kọjá lára àpótí, ó rí pèpéle símẹ́ńtì tó wà lábẹ́ fèrèsé, ó ní atẹ́gùn ibẹ̀ dára, pé ó sì tutù lára. Ẹ mọ̀ pé a kò kọ orúkọ sí i, nítorí ẹ ní ẹnikẹ́ni tó bá wọ ilé yín ti mọ yín. Ló bá jókòó lé yín lórí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo wá wo imú tó fi ń sọ òyìnbó yẹn, mo dákẹ́. Ẹ má bínú, ó dùn mọ́ mi.

Orí tí wọ́n ti ń fọ́ ilẹ̀ ilé ló ń kà fún wa. Ó ń fa ohùn, Sister Àbẹ̀kẹ́ di àyà mú. Ẹnu ibẹ̀ la wà tí Màmá fi wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Ẹ kúkú mọ̀ pé ọ̀sán Sátidé ni ó máa ń wá bá yín sọ̀rọ̀, ẹni tó bímọ, ẹni tó ṣàìsàn, àwọn tó ń bára wọn jà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó kí wọn dáadáa, ó kí ìrìn àjò, ó kí iṣẹ́. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Àlàbá pé, "Ẹ jọ̀ọ́, tíṣà, ẹ sún díẹ̀ sọ́hùn-ún. Àyà bàbá wọn lẹ jókòó lé."

Ó béèrè pé bàbá wo. Màmá ní ọkọ òun ni.

Bàbá mi, ọkùnrin tó ti ń sọ fún wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́ pé kò sí ohun tó ń jẹ́ iwin, ó fò sókè bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀. Ìwé já lulẹ̀. Sister Àbẹ̀kẹ́ pariwo, kò sì mọ ohun tó ń pariwo sí. Kí Màmá tó gbé omi dé fún wọn, wọ́n ti wà nínú mọ́tò, ẹsẹ̀ bàtà tíṣà kan sì ṣẹ́kù sẹ́nu ọ̀nà. Délé kò sáré. Ó wo pèpéle, ó wo èmi, ó rọra jáde, ó bọ́ sí ẹ̀yìn mọ́tò pẹ̀lú wọn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Màmá kò rẹ́rìn-ín rárá. Ojú Délé ló ti wò.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó dúró dè mí nígbà tí a ti pósófíìsì. Ó ní òun àti ìyá òun ti sọ ọ́, pé àwọn kò lè wá tọrọ ìyàwó nínú pálọ̀ tí òkú wà. Ó béèrè pé níbo ni àwọn ọmọ wa yóò ti máa ṣeré bí wọ́n bá wá kí ìyá àgbà. Ó ní kí a hú yín, kí a gbé yín lọ sí ìtẹ́ òkú ìjọ, kí pásítọ̀ gbàdúrà sí i, kí ó parí. Ó ní ẹ̀rí wà pé ó máa ń yọrí sí rere. Mo ní ẹ̀rí wo? Ó ní ṣé n kò ka ìwé náà parí ni. Ẹ bá mi gbọ́ o. Ọkùnrin tó ka ìwé dé ibi tó kà á dé, ó lọ gba ìmọ̀ràn ìgbéyàwó lẹ́nu ìwé ìtàn. Òkú ọdún mẹ́ta kúrò ní àlejò sàréè, òun ń wá ibi tí yóò kó o lọ.

Mo sáré dé Iléṣà kí èmi àti Màmá lè jọ fi í rẹ́rìn-ín. Mo sọ ọ́ tán. Ó ní, "Jẹ́ kí wọ́n gbé e. Bàbá rẹ ti kú. Ìwọ ò tíì kú."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti bá pásítọ̀ sọ̀rọ̀. Ó ti rí àwọn tí yóò gbẹ́ ilẹ̀. Màmá, tí kò jẹ́ kí Sátidé kan kọjá kó má bá yín sọ̀rọ̀. Mo bínú sí i, mo sì mọ̀ pé torí tèmi ló ṣe ń ṣe é. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ gbọ́ ọ nígbà tó ń sọ ọ́? Ṣé ó dùn yín?

Mo wá ní kí Délé ṣe ẹyọ nǹkan kan fún mi. Kí ó wá sí Iléṣà ní ojúmọmọ, kí ó wọlé, kí ó kí yín bí ẹni pé ẹ jókòó síbẹ̀. Bí ó bá ti lè kí yín, kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, n kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Ó gbà. Ó dé lẹ́yìn ìsìn Sọ́ńdè, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó ń dán. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá lẹ́nu ọ̀nà. Mo fi ọwọ́ hàn án níbi tí ẹ wà. Ó gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ó tún fà á padà. Ó ní òkú kì í gbọ́ ọ̀rọ̀, kí ni òun fẹ́ kí.

Mo ní, "Bí kò bá gbọ́, kí lo wá ń sá fún?"

Ó tún dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó lọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo ní kí wọ́n lọ sọ fún àwọn tí ń gbẹ́ ilẹ̀ pé kí wọ́n jókòó sílé wọn. Ojo ènìyàn. Ọmọ ọdún mẹ́rin láti ilé kejì kí yín láàárọ̀ yìí nígbà tó wá gba iyọ̀, ó tiẹ̀ jókòó lé yín, ó lá díẹ̀ níbẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹgbẹ́ wọn ti ka ìwé náà parí láìsí èmi, wọ́n ní ó dùn gan-an. Kó máa dùn.

Ṣùgbọ́n òru kì í gùn fún ẹni tó ń bínú, ọ̀sán ló ń gùn. Mo máa ń bi ara mi bóyá ẹ̀yin ì bá ní kí n gbà fún un. Ẹ máa ń ka orí wa kí a tó jẹun bí ẹni ń ka wágùnù ọkọ̀ ojú irin, kí ọ̀kan má baà já sẹ́yìn. Ṣé ẹ ì bá fẹ́ kí èmi já sẹ́yìn nítorí yín? Ẹ ì bá ti sọ.

Ohun tí mo jókòó kọ̀wé fún gan-an nìyí, mo kàn ń yí i po ni. Sátidé la wà yìí, Màmá kò wá bá yín. Kò wá ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò wá ní èyí tó ṣáájú rẹ̀. Bí ó bá ń gba pálọ̀ kọjá, ògiri kejì ló máa ń wò. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí ni òun fẹ́ ròyìn fún ẹni tó gba ọkọ lọ́wọ́ ọmọ òun. Mo ní èmi ni mo lé e, kì í ṣe ẹ̀yin. Kò gbọ́. Èmi náà wá gbìyànjú láti dúró níbẹ̀ kí n ròyìn fún yín, ẹnu mi kò là, ló jẹ́ kí n mú bébà. Ìyàwó àbíkẹ́yìn àbúrò yín bí ọkùnrin. Òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tún ń jò. Àwọn akọrin ti parí ìjà. Mo dá yín dúró sínú ilé yín, Bàbá mi, mo sì gba ìyàwó yín lọ́wọ́ yín.

Èmi ni,
ọmọbìnrin yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì wà nílé.