Ẹ Má Tan Ẹ̀rọ Yìnyín

Màmá,

"Ta ló ń dáná sára ògiri?" lẹ bèèrè láàárọ̀. Mo ti rí i báyìí. Irin pẹlẹbẹ ara ògiri tí wáyà ńlá mẹ́ta gbà kọjá lọ sídìí ẹ̀rọ yìnyín tí ẹ fi ń tọ́jú ẹja ló ń gbóná. Wáyà fúnra wọn ò gbóná. Ihò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni Bùrọ̀dá Sùrájù tó fa iná náà lu fún wọn lára irin yẹn. Ó ní, "Ṣé orogún ń gba ẹnu ọ̀nà kan ni?"

Ibẹ̀ ló ti ṣì í. Bí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọ gba ojú kan, agbára òòfà wọn á pa ara wọn rẹ́. Bí wọ́n bá pínyà, irin tó yí wọn ká ni yóò máa jìyà rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yin àti ìyálé yín, Ìyá Jíbrílù, jọ ń jẹun, ṣebí ilé yìí tutù? Orí ẹní la ti máa ń gbọ́ ẹ̀rín yín. Ọlọ́run á forí ji olóògbé.

Mo ti pa iná. Bí ẹja tilẹ̀ fẹ́ bàjẹ́, ẹ má tàn án. Pákó ni ògiri yẹn. Mò ń lọ wá idẹ pẹlẹbẹ tí a ó fi rọ́pò irin náà ní Ìdúmọ̀tà, torí òòfà kì í mú idẹ.

Màmá, mo fẹ́ fi ìwé yìí kọ́ sí ìṣó ẹnu ọ̀nà, ni mo bá rí tíréè idẹ tí ẹ̀yin àti ìyálé yín fi ń jẹ sààrì tẹ́lẹ̀ tó kọ́ síbẹ̀. N ò tíì fọwọ́ kàn án. Ìsọ̀ yín ni mò ń bọ̀ wá bèèrè bóyá kí n gé e, kì í ṣe Ìdúmọ̀tà mọ́.

Mọ̀núrù