Tẹlifóònù Ara Ògiri Tó Wà Lókè Àjà Yín

Bàbá mi àtàtà,

Mo kí yín láti Odigbo. Ara gbogbo wa le. Ojú Màámi ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ṣì mú bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n. A ti pààrọ̀ páànù ilé yín. Níbi tí a ti ń tú èyí àtijọ́ ni a ti rí ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ.

Ó wà lókè àjà, nínú àpò kòkó: àpótí pákó kan tí wọ́n kùn ní ọ̀dà búlúù, agogo irin kékeré méjì yọ síta lókè rẹ̀ bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Káfíńtà pè é ní aago ògiri. Bọ̀dá mi pè é ní rédíò, ó fẹ́ ká gbé e fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Èmi wo okùn tí a fi di àpò náà. Kókó yín ni, irú èyí tí ẹ máa ń ta tí ẹnikẹ́ni kì í lè tú. Mo mọ̀ pé ẹ kì í di ohun ìdànù báyẹn.

Mo gbé e lọ sí Ọ̀rẹ̀, sọ́dọ̀ Alájì kan tó ń tún rédíò ṣe nítòsí gáréèjì. Iṣẹ́ wáyà tẹlifóònù ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ṣí àpótí náà, wọ́n fi irin tó ń fa irin hàn mí nínú rẹ̀, àti ihò ẹ̀gbẹ́ tí ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i ti já kúrò.

"Tẹlifóònù nìyí. Àwọn onígẹdú ló máa ń gbé e kọ́ ara ògiri nínú igbó. Kò nílò iná ìjọba. Má fọwọ́ kan wáyà yẹn o."

Ọwọ́ mi ti débẹ̀. Alájì fi irin yí i, iná inú rẹ̀ gbé mi, mo sì fò sókè. Ẹ̀rín pa gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, Bàbá, ó pa èmi náà.

Mo ha ọ̀dà búlúù náà kúrò díẹ̀díẹ̀, pákó abẹ́ rẹ̀ pọ́n dán bí oyin. Wẹ́dà kan rọ ọwọ́ tuntun fún un. Alájì wá ohun tí a ń gbé sétí láàárín àlòkù wọn, wọ́n ki bátìrì tọ́ọ̀ṣì sí i, wọ́n tún fún mi ní irú tẹlifóònù náà mìíràn tí màá gbé kọ́ yàrá mi lẹ́yìnkùlé. A fa wáyà láti ibẹ̀ dé pálọ̀ yín, níbi tí a gbé tiyín kọ́ sí ara ògiri. A ò sọ fún Màámi.

Mo lọ sí yàrá mi, mo yí i, agogo tiyín sì dún ní pálọ̀. Màámi ń ṣa ẹ̀gúsí ní kíṣìnnì. Bọ̀dá mi ló rí wọn bí wọ́n ṣe dìde, tí wọ́n ń táràrà bọ̀ lára ògiri, tí wọ́n sì gbé e sétí bí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ lánàá.

"Ta ló ń pè láti Àràròmí?"

Bàbá, mo sáré padà sí pálọ̀ lọ bi wọ́n léèrè.

Ọjọ́ yẹn ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé Màámi ló ń se oúnjẹ ní ọ́fíìsì onígẹdú, tí ẹ̀yin sì wà nínú igbó lọ́hùn-ún ní Àràròmí-Obu, tí ẹ máa ń tẹ̀ wọ́n láago láràárọ̀ láti sọ iye òṣìṣẹ́ tó máa jẹun. Wọ́n mọ ohùn yín kí wọ́n tó mọ ojú yín.

"Tó bá di ọjọ́ Àìkú tí kò sí iṣẹ́, bàbá yín á tún pè. Á ní ẹnì kan péré ló fẹ́ jẹun."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń fi ìró nu ojú.

Ṣé torí ìyẹn ni ẹ ṣe gbé e wálé nígbà tí àgọ́ onígẹdú tú? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa? Àbí ẹ fẹ́ tún un ṣe fúnra yín, tí ikú ò fún yín láyè? Ó wù mí ká jọ ṣe é.

Màámi ò rí bọ́tìnì fóònù alágbèéká tẹ̀, ṣùgbọ́n èyí, wọ́n kàn ń yí i ni. Wọ́n ń pè mí lọ́sọ̀ọ̀sán, nígbà míì láti béèrè bóyá òjò ń rọ̀ ní yàrá tèmi.

Lọ́la, wọ́n fẹ́ kí n mú wọn lọ sí Àràròmí-Obu. Mo fẹ́ háyà mọ́tò, wọ́n kọ̀.

"Ọ̀kadà ni mo máa gùn. Orí kẹ̀kẹ́ ni bàbá yín fi gbé mi gba ọ̀nà yẹn."

Wọ́n ti yọ aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ síta. Ẹ jẹ́ kí n lọ wá ọlọ́kadà tó ń rọra sáré.

Ẹ sinmi dáadáa, Bàbá mi.

Èmi ni,
Ọmọ yín tí ìfẹ́ yín ò tán lọ́kàn rẹ̀.