Ìmọ́lẹ̀ Tí Kò Gbọdọ̀ Gbóná

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò mi, ẹ kú àìsùn. Mo kí Bàbá lórí àga wọn, mo kí Bọ̀dá Kúnlé àti àwọn adìẹ wọn ní Alábàtà, mo sì kí gbogbo ará ilé wa ní Ṣàpọ́n. Orí ìkànnì àwọn ọmọ Abẹ́òkúta ni mo gbé lẹ́tà yìí sí, nítorí pé láti àná ni fóònù yín ò ti lọ, ti Bọ̀dá náà ò sì lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ní Ṣàpọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré lọ kà á fún ìyá mi.

Òtútù ti dé ní òkè òkun níbí. Ọ̀sán kì í tíì parí tí ilẹ̀ fi ń ṣú. Iṣẹ́ mi ò yí padà: mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mò ń wẹ àwọn aláìsàn ní wọ́ọ̀dù àwọn tí iná jó. Kò sẹ́ni tí mo lè fi Yorùbá bá ṣàwàdà, ẹ sì mọ̀ pé ẹnu èmi kì í dákẹ́. Ó ń dùn mí gan-an.

Nígbà tí ẹ pè mí pé àbẹ́là yíyọ́ tí àbúrò mi Bùkọ́lá fi ń ya àdìrẹ ti dà sí i lápá, mo lọ bá nọ́ọ̀sì àgbà wa nípa iná pupa tí wọ́n máa ń tàn sí egbò ní wọ́ọ̀dù. Ó ní ó máa ń jẹ́ kí ojú egbò tó wú rọlẹ̀, kí awọ tuntun sì tètè hù, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Fífọ egbò àti wíwé e ṣì ni olórí ìtọ́jú. Dókítà yín gbà bẹ́ẹ̀, ni mo bá fi ẹ̀rọ iná náà kékeré kan ránṣẹ́. Ẹ bú mi nígbà tó dé. Ẹ ní irú oògùn wo ni kì í ta, tí kì í gbóná, tí èèyàn ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, torí ilé wa nìyẹn: oògùn tí kò bá tani, ẹ ó ní omi lásán ni. Síbẹ̀, mo rí i nínú fọ́tò pé apá náà ń rọlẹ̀.

Àfi ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lánàá. Ẹ ní iná mànàmáná dé lójijì, ó pọ̀ jù, ó sì ba ẹ̀rọ náà jẹ́, ṣùgbọ́n kí n má ṣèyọnu, Bọ̀dá Kúnlé ti mú gílóòbù pupa mìíràn wá láti Alábàtà. Ẹ wá ní, "Eléyìí gan-an ló lágbára. Bí mo bá ti wọ yàrá ni mo ń mọ ooru rẹ̀ lójú. Bùkọ́lá ò tiẹ̀ sunkún mọ́."

Mo mọ gílóòbù yẹn. Èmi àti Bọ̀dá la jọ ń so ó kọ́ sókè àwọn òròmọdìẹ nígbà òjò, kí òtútù má baà pa wọ́n. Ooru ni wọ́n ṣe é fún. Pupa ni méjèèjì, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ẹkún tí kò sun mọ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Awọ tó jó wọnú kì í mọ ooru mọ́. Bàbá kan wà ní wọ́ọ̀dù wa tó fẹ̀yìn ti irin tó ń mú ilé gbóná, tó ń bá wa rẹ́rìn-ín. Òórùn awọ rẹ̀ tó ń jó ló sọ fún wa.

Bọ̀dá, mi ò bínú sí yín, ìfẹ́ lẹ fi ṣe é. Ẹ dá gílóòbù náà padà fún àwọn adìẹ.

Màámi, ẹ pa iná náà nísinsìnyí. Ẹ má bi Bùkọ́lá bóyá ó ń gbóná, kò lè mọ̀. Bí ẹ bá rò pé mo ń ṣàsọdùn, kí ẹ tó pa á, ẹ na ọwọ́ tiyín síbi tí apá rẹ̀ máa ń wà, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó lè gba Àdúrà Olúwa parí láì fa ọwọ́ yọ. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé Bùkọ́lá lọ bá dókítà lónìí, ẹ má fi ohunkóhun pa apá rẹ̀ kí ẹ tó débẹ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ ilé wa. Á mú ẹsẹ̀ ẹni tó ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ yá. Ẹ bá mi kí gbogbo wọn, ẹ sì bá mi di Bùkọ́lá lọ́wọ́ mú, ọwọ́ tó ṣì lè mọ̀ pé èèyàn di òun mú.

Ọmọ yín,
Àbíkẹ́