Ẹni Kẹrin àti Ẹni Keje

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo ti ba nǹkan yín jẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Ṣé ẹ rántí ìwé tí ẹ fi ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ṣe, torí ẹ kì í jẹ́ kí bébà ṣòfò? Inú rẹ̀ lẹ ti máa ń to ẹgbẹ́ àáró yín: ènìyàn mẹ́sàn-án, nọ́ńbà nìkan láìsí orúkọ, mẹ́ta-mẹ́ta sí oko mẹ́ta ní ọjọ́ Sátidé, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí kálukú lè bá ẹnì kọ̀ọ̀kan tó kù ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Mo ṣì ń rí yín lórí ẹní, tí ẹ ń fi ekùrọ́ mẹ́sàn-án tò ó, tí ẹ ń fi ahọ́n lá ẹnu pẹ́ńsù. Bí ẹ bá parí, ẹ ó ka ekùrọ́ náà padà sínú agolo.

Èmi tí n kò kàwé kọjá girama, orí fóònù ni mo ti rí i pé ìmọ̀ ìṣirò gidi ni. Àwa márùn-ún tí a ò tíì fojú kanra la ń kó irú àtòpọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ sórí ayélujára, èmi nìkan láti Ìkẹ́rẹ́, kí ẹni tó bá ń wá a lè rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Òfin kan ṣoṣo la ní: a kì í gbé àtòpọ̀ kankan síbẹ̀ láìka gbogbo ènìyàn méjì tó yẹ kí wọ́n pàdé. Láàárín ènìyàn mẹ́sàn-án, ìpàdé mẹ́rìndínlógójì ni. Mo ka tiyín. Ẹni kẹrin àti ẹni keje kò pàdé rárá. Àwọn mìíràn sì pàdé lẹ́ẹ̀mejì. Mo pààrọ̀ ipò ènìyàn méjì ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, gbogbo rẹ̀ sì pé. Mo gbé e sórí ayélujára lórúkọ yín, inú mi dùn. Mo rò pé mo gbé orúkọ yín ga ni.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun, alága àáró láti ìgbà tí ẹ ti papò dà, ní kí n tẹ̀ ẹ́ jáde fún àwọn, torí bébà àtijọ́ ti gbó. Mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Àárọ̀ yìí ni mo ń fi yangàn fún Màmá. Wọ́n gbé ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń já sílẹ̀.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kàn án? Bàbá rẹ ò ṣi nǹkan kà rí! Ìdòwú lẹni kẹrin. Àjàyí lẹni keje. Àpá èjìká Àjàyí yẹn, o rò pé orí ọ̀pẹ ló ti já bọ́ lóòótọ́?"

Wọ́n kó ẹ̀fọ́ wọn wọlé. Kí ló ṣẹlẹ̀, Bàbá? Gbogbo ọdún tí ẹ fi ń to ekùrọ́, ṣé ohun tí ẹ ń ṣọ́ nìyí? Kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ̀rọ̀ kan péré sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀? Ṣé bébà ni ẹ ń ṣọ́ lò?

Òní ni Sátidé kẹrin. Ẹni kẹta wọn ránṣẹ́ pé ibà dá òun dùbúlẹ̀. Àwọn méjèèjì nìkan ló wà lóko láti ìdájí, tàwọn tàdá. Mo pe Bọ̀dá Ìdòwú lẹ́ẹ̀mẹrin, mo pe Bọ̀dá Àjàyí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Nẹ́tíwọ̀kì ò dé ibẹ̀. Mo ti pa tèmi rẹ́ lórí ayélujára, mo fi tiyín rọ́pò rẹ̀ bó ṣe wà. Kí àwọn mẹ́rin yòókù bínú. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lápò wọn lóko, n kò lè pa á rẹ́ láti ibí.

Ọlọ́kadà ti ń fọn fèrè níta. N kò tilẹ̀ bá a nájà.

Ẹ ò fún mi ní nọ́ńbà kankan nínú ìwé yín. Lónìí, èmi lẹni kẹta wọn.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó mọ̀ ọ́n kà ju bó ti yẹ lọ.