Mo Ti Ṣí Kọ̀ǹpútà Rẹ Lójú Ẹ̀gbọ́n Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o sì ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ kọ lójú ọ̀nà, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀tá rí ọ gbé ṣe. Àwa náà wà, àfi orúnkún mi tó ń ṣe mí bó ṣe máa ń ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti kọ̀ǹpútà ńlá tí o gbé sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi, èyí tí ẹ ń pè ní sáfà, tí o ní ibi iṣẹ́ yín ló tà á fún ọ nígbà tí wọ́n ra tuntun. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ wọlé wá, wọ́n wò ó síwá wò ó sẹ́yìn, wọ́n ní ẹrù olè lo kó sínú rẹ̀, wọ́n ní bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí o fi sukúrù dè é pa. Wọ́n ní àwọn ń lọ pe ọlọ́pàá. Inú bí mi! Ọmọ tí mo fi abẹ́rẹ́ àti òwú tọ́, òun ni wọ́n ń pè lólè lójú àwọn oníbàárà mi. Mo ní kí wọ́n jókòó, màá ṣí i lójú gbogbo ayé.

Mo sọ ọ́ fún ọ lórí fóònù, o ní o wà ní ìpàdé, o wá fi ohùn rẹ ránṣẹ́ lẹ́yìn náà. Mo ń dá ọ lóhùn, o ò dúró, o kàn ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé kì í ṣe ìyá rẹ ló ń sọ̀rọ̀. Ìwà yẹn ò dára. O ní kí n má ṣí i, pé bí mo bá sì máa ṣí i dandan, kí n ṣe báyìí báyìí. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Mo ṣí i.

Káfíńtà ìtòsí wa ló yá mi ní sukudiráfà. Mo yọ okùn iná méjèèjì kúrò lára ògiri, mo bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ mi, mo gbé e kúrò lórí ẹní, mo sì fọwọ́ kan irin ara rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan inú rẹ̀. O ní nítorí iná tó wà lára èèyàn ni, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìkíni ni, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé lẹ ò fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀. Mo ní kí gbogbo àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kí i. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní àwọn ò kí irin. Mo ní ẹni tí kò bá kí onílé kò ní wo yàrá. Wọ́n bá fi ìka kan ṣoṣo kí i.

Mo to àwọn sukúrù sórí aṣọ funfun bí mo ṣe máa ń ṣe fún máṣíìnì mi, mo wá ń nawọ́ sí wọn níkọ̀ọ̀kan. Àwọn fáànù rèé, ooru ni wọ́n ń lé. Àpótí iná méjì rèé, bí ọ̀kan bá kú èkejì á máa gbé e lọ, o sì ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí ikùn wọn. Irin pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ tó kó jọ yìí, abẹ́ rẹ̀ ni ọpọlọ wà. Àwọn gbọọrọ tó dúró ṣánṣán yìí ló fi ń rántí nǹkan. Etí wọn ni mo dì mú, mi ò fọwọ́ kan wúrà ẹsẹ̀ wọn. Bátìrì rèé bíi bọ́tìnì kóòtù, òun ló ń bá a ka aago. Mo ní dúróà iwájú ló ń kó nǹkan pamọ́ sí, ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ bá fò dìde. Mo fà á yọ fún wọn. Irin ni. Wọ́n fẹ́ gbọ̀n ọ́n wò, mo gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ohun kan ló dùn mí: gbogbo inú rẹ̀ gbẹ táútáú, kò sí ẹ̀kán epo kan. Mo ti gbé igo epo máṣíìnì mi, káfíńtà ló di ọwọ́ mi mú. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra ojúlówó epo fún un, kí owó náà sì kù díẹ̀ fún ọbẹ̀.

Ọlọ́run á dá ọ sí fún mi, orúkọ rẹ kò ní bàjẹ́ lójú mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ ní kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, kí n dé e. Mi ò gbà. Gbangba ni wọ́n ti pè ọ́ lólè. Ó wà ní ṣíṣí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, mo ta aṣọ bò ó nítorí eruku, ẹni tó bá ń kọjá ni mo ń pè wọlé kó wá kí i, kó sì wo inú rẹ̀. Ìwọ náà má wulẹ̀ bẹ̀ mí. Ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ bá dúró lójú àwọn oníbàárà mi, tí wọ́n sọ pé ọmọ mi kì í ṣe olè, ọjọ́ yẹn ni mo máa dé e.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.