Fóònù Tí O Rà fún Mi Kò Jẹ̀bi

Ìsọ̀ Adéríbigbé Oníṣọ̀nà Awọ,
Ẹ̀bá Ọjà Akẹ̀sán,
Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá, oṣù kọkànlá, ọdún 2025.

Ràódàt Àṣàkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó máa bá ọ gbé níbẹ̀ láàárín ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ní Under G, Ògbómọ̀ṣọ́. Mo mọ̀ pé ara rẹ le, nítorí mo gbọ́ ohùn rẹ lánàá nígbà tí ìwọ àti ìyá rẹ ń sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹkún wà nínú ohùn náà. Àwa náà wà nílé níbí, a dúpẹ́. Orúnkún ìyá rẹ ti fúyẹ́ díẹ̀. Èmi náà ò ṣàìsàn kankan ju ẹ̀yìn ríro lọ, o sì mọ̀ pé oníṣọ̀nà awọ tí ẹ̀yìn kò bá ro, ọ̀lẹ ni.

O lè máa ṣe kàyéfì pé kí ló dé tí bàbá rẹ fi ń kọ ìwé nígbà tí fóònù wà. Mo mọ ọ́ ni. Bí mo bá pè ọ́, wàá ti já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ mi lẹ́nu kí n tó kí ọ tán, wàá ní, "Bàbá mi, ẹ fi sílẹ̀, mo ti pinnu." Èmi náà ti pinnu, èmi ni mo sì bí ọ. Nítorí náà, jókòó sórí ibùsùn rẹ, kí o ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀ kí o tó ṣe ohunkóhun. Kọ́láwọlé tó ń wa mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ ni yóò mú un wá lọ́la, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé ọwọ́ ìwọ gan-an ni kó fi í lé.

Ìyá rẹ ti sọ ohun tí o bá a sọ fún mi. O ní lọ́jọ́rú yìí ni wàá lọ ra fóònù olówó gọbọi fún mi, èyí tí àyè inú rẹ̀ fẹ̀ dáadáa, nítorí pé fóònù pọ́ọ́kú tí o rà fún mi lọ́dún tó kọjá ló ba iṣẹ́ mi jẹ́ ní Sábó. O ní owó tí o ti kó jọ fún àyẹ̀wò iyẹ̀pẹ̀ tí o fẹ́ fi parí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ ni wàá fi rà á. Ràódàt, mi ò gbà. Olùkọ́ rẹ ti ní bí èsì àyẹ̀wò náà kò bá dé iwájú òun kí oṣù yìí tó parí, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí o tó jáde. Irun orí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ni o ń dì ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ tí o fi rí owó náà. Mi ò ní fi ọdún kan nínú ayé rẹ ra fóònù.

Jẹ́ kí a kọ́kọ́ dá ẹjọ́ fóònù náà bó ṣe yẹ, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ méjì gbáko bí mo bá ti ṣáàjì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ náà sì mọ bí iná àdúgbò wa ṣe rí. Ohùn rẹ̀ ń ròkè débi pé mo ń gbọ́ ọ láàárín ariwo òòlù. Síímù méjì ló ń gbà, kò sí oníbàárà àtijọ́ tó sọ nọ́ńbà mi nù. Ó ti jábọ́ lórí àpótí ìṣiṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀mẹta, kò fọ́. Fóònù tí Jàmíù aládùúgbò wa ń fi yangàn, ọjọ́ kẹta tó rà á ni ojú rẹ̀ là sí méjì, owó tí wọ́n sì bù fún un láti fi pààrọ̀ ojú ọ̀hún tó ra odindi méjì irú tèmi. Láti ọjọ́ náà ni Jàmíù ò ti fi í hàn wá mọ́.

Àléébù rẹ̀ náà kò fara sin. Kámẹ́rà rẹ̀ kò mọ àwọ̀. Awọ ewúrẹ́ tí mo pa láró pupa títí ó fi dọ́gba, bí mo bá yà á, á rí bí ọbẹ̀ tí wọ́n bu omi là. Ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ ni mo máa ń gbé awọ lọ báyìí kí oòrùn tó le, ó ń gbìyànjú díẹ̀ níbẹ̀. Bí oòrùn bá sì le tán, mi ò rí ojú fóònù náà mọ́ rárá. Ó tún lọ́ra. Bí mo bá tẹ nǹkan, á kọ́kọ́ rò ó wò bí àgbàlagbà tí wọ́n ní kó wá jẹ́rìí. Àtàǹpàkò mi tó ti yi nídìí abẹ́rẹ́, kò kà á kún, ìka kékeré ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́, ìyá rẹ a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé àyè inú rẹ̀ kéré, níbi àyè yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà.

O mọ iye ẹgbẹ́ tí mo wà nínú wọn lórí Wásáàpù: ti mọ́sálásí, ti ẹbí Adéríbigbé, ti àwa oníṣọ̀nà, àti ti àwọn tí a jọ jáde ìwé mẹ́fà. Láràárọ̀ ni wọ́n ń fi àwòrán òdòdó ránṣẹ́ pẹ̀lú àdúrà lára rẹ̀. Bó bá wá di ọjọ́ Jímọ̀, a ò ní lè kà á. Mi ò pa ẹyọ kan rẹ́ rí. Báwo ni bàbá àgbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún yóò ṣe ṣàdúrà pé kí n má kú ní kékeré, kí n wá fi ìka tẹ̀ ẹ́ kó parẹ́? Lójú mi, àfi bí ẹni pé mo dá àdúrà padà fún ẹni tó ṣe é. Ìwọ sọ ọ́ fún mi nígbà Iléyá pé kí n máa dín wọn kù. Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò gbọ́.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ Alhaji Hussein, oníṣòwò Sábó tó ti ń ra iṣẹ́ ọwọ́ mi láti ìgbà tí o wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ó ní kí n ṣe ogún tìmùtìmù aláwọ pupa fún oníbàárà òun kan lókè Ọya. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Alhaji fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Mo tẹ̀ ẹ́, kò ṣí, òrùka kékeré kan kàn ń yí po níbẹ̀. Fóònù kọ ọ́ síwájú mi pé àyè ti kún. Mo ní á jẹ́ pé àdúrà Jímọ̀ ni, nítorí kò sí Jímọ̀ tí Alhaji kì í ṣàdúrà fún mi. Mo bá kọ èsì fún un pé, "Àmín, Alhaji. Bẹ́ẹ̀ ni yóò rí lágbára Ọlọ́run." Mo padà sídìí iṣẹ́ mi, inú mi dùn.

Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo di ogún tìmùtìmù pupa sẹ́yìn mọ́tò Kọ́láwọlé, ó di Sábó. Alhaji tú ẹyọ kan, ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Bàbá Ràódàt, kí lèyí? Ṣebí dúdú la jọ fi àdéhùn sí." Mo ní a ò jọ sọ dúdú rí. Ó fa fóònù tirẹ̀ yọ, ó gbé ohùn náà sókè kí gbogbo ẹni tó wà nísọ̀ gbọ́ ọ: oníbàárà ti yí ọkàn padà, dúdú ló fẹ́ báyìí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá wa ṣe é? Abẹ́ rẹ̀ ni èsì mi wà gbayawu: Àmín, Alhaji. Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Alhaji ò rẹ́rìn-ín.

Apá tí mo fẹ́ sọ báyìí, ìyá rẹ pàápàá ò mọ̀ ọ́n. Ojú tì mí, Àṣàkẹ́. Mo ti mọ ẹ̀bi mi lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi sáré ju ọkàn mi lọ. Mo ní, "Fóònù gbàrọgùdù tí ọmọ mi rà fún mi ni." Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mubaraq, tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Alhaji, mi orí, ó ní, "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Wọ́n á máa gbé fóònù olówó ńlá kiri yunifásítì, wọ́n á wá ra pàǹtí fún bàbá wọn." Mo gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé fóònù tí ìwọ ń lò, rọ́bà ni o fi so ẹ̀yìn rẹ̀ kó má baà ṣí. Mo jẹ́ kí wọ́n bú ọmọ mi kí wọ́n má baà fi èmi ṣẹ̀sín. Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyá rẹ pé àyè fóònù ló kún tí ohùn Alhaji ò fi ṣí, ibi tí mo bá ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ó gba fóònù náà lọ́wọ́ mi, ó rí òdòdó lórí òdòdó. Ó ní, "Àdúrà tí Ọlọ́run ti gbọ́, kí ló tún ń ṣe nínú fóònù?" Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsárì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n rẹ́, mo ń ṣe Àmín sí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó tẹ̀ ẹ́, títí ìyá rẹ fi ní bí mo bá ń ṣe é báyìí, ààwẹ̀ á bá mi níbẹ̀. Mo bá ṣe Àmín kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Fóònù náà ti ń gba ohùn báyìí, ìlọ́ra rẹ̀ sì ti dín kù.

Lọ́jọ́rú, mo padà sí Sábó. Mo dúró níwájú Alhaji àti Mubaraq àti gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, mo ní irọ́ ni mo pa mọ́ ọmọ mi. Mo ní fóònù sọ fún mi pé òun ti kún, ọmọ mi sọ fún mi pé kí n dín in kù, èmi ni mo ṣe Àmín sí ohun tí mi ò gbọ́. Mo ní ọmọ tó ń dirun nítorí àtikàwé, tó sì tún yọ nínú rẹ̀ ra fóònù kí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lè tà, kì í ṣe ọmọ tí ẹnikẹ́ni ń bú. Mubaraq ní kí n má bínú. Mo ní òun kọ́ ni mo ń bá bínú. Alhaji wá ní, "Bàbá Ràódàt, ẹ kó wọn lọ sílé, ẹ bá mi ṣe wọ́n ní dúdú. Mo fún yín di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ọlọ́run ṣe é, awọ pupa ṣeé pa láró dúdú, dúdú ni kì í padà di pupa. Ìyá rẹ ń tú okùn, èmi ń pa awọ láró, a tún ń rán an padà. Mẹ́rìnlá ti dúdú bó ṣe yẹ. Ó ku mẹ́fà, Ọjọ́bọ̀ kò sì ní bá wọn nílẹ̀. Mo fi fóònù náà ya mélòó kan ránṣẹ́ sí Alhaji láàárọ̀ yìí. Àwọ̀ dúdú ò fún kámẹ́rà rẹ̀ ní wàhálà kankan.

Nítorí náà, bí o bá ti ka ìwé yìí tán, dìde, mú owó rẹ, kí o lọ sanwó àyẹ̀wò iyẹ̀pẹ̀. Ọjọ́ ń bọ̀ tí wàá máa ṣiṣẹ́ gba owó oṣù, nígbà náà, ra èyí tó bá wù ọ́ fún mi, mi ò ní kọ̀ ọ́. Kì í ṣe báyìí. Mo sì bẹ̀ ọ́ nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ ní Sábó. Bàbá tèmi kò bẹ̀ mí rí títí ó fi lọ, mi ò rí i kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo jẹ̀bi lọ́dọ̀ rẹ, mo sì ń bẹ̀ ọ́.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí o ṣe làálàá lásán. Iyẹ̀pẹ̀ tí o ń yẹ̀ wò yóò fún ọ ní èsì rere. Ìka ọwọ́ rẹ kò ní rọ, ojú kò ní tì ọ́ láàárín ẹgbẹ́ rẹ, èmi àti ìyá rẹ yóò sì jókòó níbẹ̀ láàyè lọ́jọ́ tí wọn yóò pe orúkọ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tó ṣẹ̀ ọ́, tó sì fẹ́ràn rẹ,
Mashood Adéríbigbé.

Àfikún: Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé o ti ra fóònù náà kí Kọ́láwọlé tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, má ṣí páálí rẹ̀, má sì sunkún. Lọ́jọ́bọ̀, tí mo bá ti já ẹrù sílẹ̀ ní Sábó, mo ń bọ̀ ní Under G. Èmi àti ìwọ la jọ máa dá a padà fún ẹni tó tà á, èmi ni n ó sì bẹ̀ ẹ́. N ó sọ fún un pé ọmọ mi ò ṣe àṣìṣe kankan, bàbá rẹ̀ ló ṣe é.